Kí Wọ́n Má Fọ Wàláà Hidayat

Búdó Àgbọn,
Ọjọ́ Àtìnì, lẹ́yìn ìrun Àílà.

Kàdíját ọmọ mi, Àríkẹ́ mi,

Bísímílà. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ń lọ déédéé ní Fate ní Ìlọrin níbẹ̀, ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ ò já òwú mọ́? Àwa náà wà ní àlàáfíà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba, àyàfi ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ilẹ̀ ìlú tí ò ń tẹ̀ kò ní gbóná mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí ọ lọ́wọ́, kò ní jẹ́ kí oníbàárà bá ọ jà nítorí aṣọ, kò ní jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ tí o bá wọ̀ dojú dé. Àmín. Bàbá yín kí ọ. Hidayat ò kí ọ, nítorí kò kí ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tí èsì ti jáde, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mú bírò.

O lè máa sọ ọ́ lọ́kàn rẹ pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù kan tó wà nílé, bàbá yín ló ń gbé e kiri, bó bá sì ti ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, ńṣe ló máa ń jẹ́ kó máa ké síta kí gbogbo àgbàlá lè bá wa gbọ́ ọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, obìnrin kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń sọ fún wa pé owó ti tán. Mo ti kí i títí, mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, kò dá mi lóhùn rí. Ẹni tó mọ ìgbà tí owó wa tán, ṣé kò ní mọ ohun tí à ń sọ? Ọ̀rọ̀ inú ilé wa ni ọ̀rọ̀ yìí, mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ. Mo wá ní kí n lo ìwé tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ àgbà. Rọra kà á. Ibi tí o bá ti rí i pé ìlà ń sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ ló ń ro mí níbẹ̀.

Ewúrẹ́ dúdú ti bí, akọ kan, abo kan. Òjò wó apá kan ògiri ilé ìdáná, bàbá yín ti fi amọ̀ dí i, ó sì ń bínú sí amọ̀ náà bó ṣe ń dí i. Àgbàdo ti gbó, a ti ń kó o wọlé díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n funfun àti yẹ́lò tún ti dà pọ̀ mọ́ ara wọn lórí ẹyọ kan ṣoṣo lọ́dún yìí, bàbá yín ní ẹni tó ta irúgbìn fún òun ló rẹ́ òun jẹ. Alfa Shehu kí ọ o, orúnkún wọn ti ń gbà wọ́n láyè díẹ̀. Ó tán. Ìròyìn tó kù, ti Hidayat ni.

Èsì ìdánwò àṣejáde wọn jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kì í ṣe pé wọ́n kọ ọ́ wá fún wa o. Káàdì kan ni wọ́n ń rà, wọ́n á họ ojú ẹ̀ kí nọ́ńbà tó yọ, Tíṣà á wá tẹ nọ́ńbà náà sínú fóònù ẹ̀. Tíṣà Gbádéyan ni mò ń wí, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń kọ́ wọn ní báyọ́lọ́jì, tó máa ń wá sí Ìlọrin lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní ká fi èékánná họ ọ́ jẹ́jẹ́. Bàbá yín ní èékánná òun ti jẹ tán lóko, ló bá fa ọ̀bẹ yọ. Mo ní Bàbá Kàdíját, ẹ rọra. Ó ní ìwé ìjọba kì í ya. Nígbà tó fi máa họ ọ́ tán, gbogbo ohun tó wà lára káàdì náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọ̀bẹ lọ.

Tíṣà tẹ̀ ẹ́ títí, kò rí nǹkan kan, ó gun orí àpáta ẹ̀yìn mọ́sálááṣí kó tó rí i. Gbogbo ẹ̀ ló dára. Ìṣirò dára, Gẹ̀ẹ́sì dára, kẹ́mísírì tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń sá fún, ó dára. Àfi báyọ́lọ́jì, èyí tó fẹ́ràn jù, ni wọ́n fún un ní í-éètì. Tíṣà ní í-éètì ò sọ pé ó fìdí rẹmi, ó kàn jẹ́ pé kò tó ohun tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ń béèrè. Wọn ò ní gbà á wọlé, bí ìyókù tiẹ̀ dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kàdíját ọmọ mi o. Kí n sọ ohun tí mo rò fún ọ, má sọ fún bàbá yín. Inú fu mí pé níbi tó ti ń fi ọ̀bẹ họ káàdì yẹn ni ojú máàkì ti ṣí. Bí wọ́n bá kọ sí-fáìfù sára nǹkan, tí ẹnì kan wá ń fi ọ̀bẹ oko ha á, kí lo rò pé ó máa ṣẹ́kù? Mo ti gbá gbogbo eruku tó họ sílẹ̀ jọ, mo dì í sínú láílọ́ọ̀nù, òun ni o rí nínú lẹ́tà yìí. Má gbọ̀n ọ́n dànù. Bí wọ́n bá béèrè, fún wọn.

O mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yìí kì í ṣe ohun tí Hidayat kàn ń fẹnu wí. Láti ìgbà tí Ọlọ́run ti gba Naeem àbúrò yín lọ́wọ́ wa ló ti ní nọ́ọ̀sì lòun máa ṣe. Ìwọ ti wà nílùú nígbà yẹn, ò ń kọ́ iṣẹ́. Òun ló máa ń ki aṣọ bọ omi gbígbóná, tí á fi lé Naeem lóríkèé bí ìrora ẹ̀ bá dé, ọwọ́ ẹ̀ kékeré nígbà yẹn náà. Ní báyìí, ẹ̀yìn ilé ló máa ń jókòó sí, á fọwọ́ lẹ́rán. Mo bá a sọ̀rọ̀, ó ní kò sí nǹkan kan. Mo ra wàrà fún un lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, wàrà tó jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì máa ń jà lé lórí, ó ní òun ti yó. Ẹni tí ò jẹun láti àárọ̀ ló ń sọ fún mi pé òun ti yó.

Tíṣà ní ẹnu ya òun. Ó ní bí òun ò bá sí nílé ẹ̀kọ́, Hidayat lòun máa ń ní kó kọ́ àwọn yòókù, ó ní í-éètì kọ́ ni ọmọ yìí. Ó wá ní nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní rímáàkì. Èèyàn á sanwó, wọ́n á yọ pépà ẹ̀ jáde láti ibi tí wọ́n kó o sí, ẹlòmíràn á sì tún un máàkì. Ó ní ó lè gòkè, ó lè wà bó ṣe wà, ó sì lè wálẹ̀. Bàbá yín ní bó bá wálẹ̀ ńkọ́? Tíṣà ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó wálẹ̀. Bàbá yín ní Ọlọ́run kọ́ lòun ń bi.

Èmi, ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ni pé wọ́n ní pépà náà ṣì wà níbì kan. Báwo ló ṣe máa wà? Ìwọ náà lọ ilé kéwú. Bí ọmọ bá ti kà á síwájú Alfa tán, wàláà ẹ̀ ńkọ́, ṣé wọn ò ní fọ̀ ọ́? Wọ́n á fọ̀ ọ́ kí wọ́n lè kọ òmíràn sí i, ọmọ á mu omi ẹ̀ kí ohun tó kà lè wọ̀ ọ́ lára. Àwọn ọmọ tó ṣe ìdánwò yìí pọ̀ lọ súà káàkiri, ta ló fẹ́ máa kó tiwọn pamọ́ láìfọ̀? Mo bi Tíṣà pé ṣé wọn ò tíì fọ ti Hidayat, bí wọ́n bá sì ti fọ̀ ọ́, ta ló mu omi ẹ̀? Tíṣà wò mí títí. Ó ní Màmá, ìwé lásán ni, wọn kì í fọ̀ ọ́, inú yàrá kan ló wà. Mo ní ta ló ń ṣọ́ yàrá náà, ṣé eku ò sí níbẹ̀? Ó yọ gíláàsì ojú ẹ̀, ó ń nù ún.

Bàbá yín ní tiẹ̀, ẹni tó máàkì pépà yẹn lẹ́rù ẹ̀ ń bà á. Ó ní bí a bá ní kí ẹlòmíràn tún un kà, ṣé kì í ṣe pé à ń pe ẹni àkọ́kọ́ ní òpùrọ́ nìyẹn? Ó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè mú orúkọ wa sọ́kàn, kó máa dúró de ọmọ tí ẹ̀yin náà máa bí. Ó ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bẹ̀ ẹ́. Ló bá mú àkùkọ pupa ńlá tí mò ń sìn fún ọdún Iléyá, ó so ó lẹ́sẹ̀, ó gbé e lọ bá Tíṣà pé kó bá wa gbé e fún ọkùnrin náà ní GRA, nítorí bàbá yín ní gbogbo ẹni tó bá ń fi bírò pupa ṣiṣẹ́, GRA ló ń gbé. Ẹ̀rù ba Tíṣà débi pé ó ń wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan rí wọn. Ó ní rìbá ni, ó ní wọ́n lè torí ẹ̀ ti èèyàn mọ́lé, àti pé kò sẹ́ni tó tiẹ̀ mọ ẹni tó máàkì ẹ̀. Bàbá yín ní àkùkọ kì í ṣe rìbá, sáárà ni. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fa ọ̀rọ̀ náà títí àkùkọ fi já okùn. Ó ti padà sílé, ó ń kọ láìwẹ̀yìn, àfi bíi pé òun ló jàre.

Tíṣà tún ní ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà forúkọ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì máa tì lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Mo ní ṣé kí wọ́n tó kírun ni àbí lẹ́yìn tí wọ́n bá kírun tán? Kò mọ̀. Mo ní ṣé kò sí bí a ṣe lè bẹ ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn náà pé ọ̀nà wa jìn, kó fún wa láyè díẹ̀? Ó ní kì í ṣe èèyàn, ẹ̀rọ ló ń tì í. Ilẹ̀kùn tí kò ní ẹni téèyàn lè bẹ̀, Kàdíját, irú kí nìyẹn? Láti ìgbà tó ti sọ ọ́ ni oúnjẹ ò ti wọ̀ mí lẹ́nu mọ́.

Ilé wa wá pín sí méjì. Bàbá yín ní ká mú í-éètì tó wà lọ́wọ́, kí ọmọ fi wá ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tí kò ní béèrè báyọ́lọ́jì, pé bí a bá lọ tọ́ ọ, tó wá di éfù, kí la fẹ́ sọ pé ó ṣe wá? Tíṣà ní ká tún un máàkì. Èmi, bí bàbá yín bá sọ̀rọ̀, mo rí òótọ́ níbẹ̀, bí Tíṣà bá sọ̀rọ̀, mo rí òótọ́ níbẹ̀, ara mi ò wá lélẹ̀ rárá, mo ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnikẹ́ni ò bi Hidayat léèrè. Alfa Shehu ló pe àkíyèsí wa sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé, bàbá yín gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Alfa. Alfa gbọ́ ọ tán, wọ́n ní ṣé ẹnì kan nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ̀ ń jà yìí ti ní kí ọmọ kà á sétí ẹ̀? Bàbá yín ní kí ló máa kà? Alfa ní ohun tó kọ ni. Wọ́n ní bí wọ́n bá ní ọmọ kéwú kan ò mọ Súrà, a kì í jókòó máa jiyàn lé e lórí, ńṣe la máa ní kó jókòó kó kà á. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, gbogbo wa á gbọ́ ọ. Bí kò bá kọsẹ̀, ẹni tó ní kò mọ̀ ọ́n ló yẹ ká padà lọ bi.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe tẹ́ ẹní sábẹ́ dóńgóyárò lánàá lẹ́yìn Àlàásárì, Tíṣà ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé nígbà yẹn, ó jókòó sórí àpótí mi. Hidayat kọ́kọ́ ní òun ò wá. Mo rò pé àánú orúnkún Alfa ló ṣe é nígbà tó rí bí wọ́n ṣe ń fi igi jókòó. Ó wá, ó ká ẹsẹ̀ jókòó, pépà ìbéèrè wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìyẹn tí wọ́n máa ń jẹ́ kí wọ́n gbé wálé. Alfa ní kó ṣe Bísímílà, ó ṣe é. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó kọ lọ́jọ́ ìdánwò, Gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀, kò dúró mí. Alfa pajú dé, wọ́n ń mi orí. Nígbà tó parí ìbéèrè àkọ́kọ́, Alfa ní máṣá Allah, kò kọsẹ̀, ṣùgbọ́n kó máa ṣe é bíi tàfùsírù, kó kà á, kó sì túmọ̀ ẹ̀ fún àwọn tí ò gbọ́ èdè.

Ọmọ mi, mo gbọ́ nǹkan lánàá. Ó ní ọkàn èèyàn ní yàrá mẹ́rin. Bàbá yín ní ta ló ń gbé ibẹ̀, Tíṣà ní ẹ̀jẹ̀ ni, bàbá yín ní háà, kò burú. Ó sọ bí gbòǹgbò ṣe ń fa omi, ó sọ bí aáyán ṣe ń bọ́ awọ, mo ní èyí náà ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀? Ó sọ ọ̀rọ̀ lékeléke tó ń tẹ̀ lé màlúù nítorí kòkòrò, inú bàbá yín dùn gan-an, ó ní òun náà mọ ìyẹn, pé bó bá jẹ́ báyìí ni báyọ́lọ́jì ṣe rí, ó yẹ kí òun náà lọ ṣe ìdánwò. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Hidayat náà fẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo rí i lẹ́nu ẹ̀.

Ó wá kan ìbéèrè kan. Ó ka ti Gẹ̀ẹ́sì, mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tó fẹ́ túmọ̀ ẹ̀, ó dìde, ó lọ sídìí àgbàdo, ó ṣà wá nínú èyí tó dà pọ̀ tí bàbá yín ń torí ẹ̀ bínú, ó já hóró ẹ̀ sórí ẹní, funfun àti yẹ́lò. Ó ní kí a wò ó pé hóró méjì ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, bàbá fún un ní ọ̀kan, ìyá fún un ní ọ̀kan. Ó ní ẹni tó ní funfun méjì, kò séwu fún un. Ẹni tó ní funfun kan, yẹ́lò kan, ara ẹ̀ le, á roko, á lọ sọ́jà, kò sì ní mọ̀ títí láé pé yẹ́lò wà lára òun. Ṣùgbọ́n bí irú àwọn bẹ́ẹ̀ méjì bá fẹ́ ara wọn, ọmọ wọn kan lè bọ́ síbi tí yẹ́lò ti pàdé yẹ́lò. Ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa wú láti kékeré. Ẹyinjú ẹ̀ á máa pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Bí òtútù bá dé, egungun á máa ro ó débi pé kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun.

Kàdíját, mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mi ò sì mọ báyọ́lọ́jì, ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ tó ń sọ yẹn. Èmi ni mo bí i. Kò dárúkọ ẹ̀, kò wojú mi, ohùn ẹ̀ ò gbọ̀n.  O ò mọ ohun tí ìyá bàbá yín, Ọlọ́run kẹ́ wọn, sọ fún mi lọ́jọ́ tí a sin Naeem. Wọ́n ní mo gbé e dání lọ sódò láàárọ̀ ọyẹ́, pé òtútù ọjọ́ náà ló wọ̀ ọ́ légungun tí kò jáde mọ́. Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́, wọ́n ń nu ojú mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni, ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà á gbọ́. Gbogbo ìgbà tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, tí mo bá ti fọwọ́ kan omi, odò ọjọ́ yẹn ni mò ń rí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ibẹ̀ ni Hidayat dákẹ́. Alfa rò pé ó gbàgbé ni. O mọ̀ pé bí ọmọ bá dákẹ́ báyẹn, Alfa ló máa ń bá a mú ọ̀rọ̀ tó kàn. Alfa lanu, wọn ò rí ọ̀rọ̀ bá a mú, wọ́n panu dé. Gbogbo wa ń wò ó. Ó wá ní ó ku ìlà kan, wọn ò béèrè ẹ̀ nínú pépà, ṣùgbọ́n òun kọ ọ́. Ó ní òun kọ ọ́ pé ìyá ọmọ náà kọ́ ló fà á, bàbá ẹ̀ kọ́ ló fà á, pé wọn ò mọ̀.

Bàbá yín dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ewúrẹ́. Ewúrẹ́ wà níwájú wa níbẹ̀, ó ń jẹ háríhá àgbàdo. Ó lọ kọjú sí ògiri ilé ìdáná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dí, ó ń fọwọ́ ra amọ̀ tó ti gbẹ. Èmi sunkún. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo sunkún débi pé Tíṣà ń wá áńkáṣíìfù kiri àpò ẹ̀, kò sì rí i, nítorí òun náà ti ń fi nu ojú. Ẹkún náà ò korò lẹ́nu mi. Ó ṣe mí bí ẹni pé mo ti ru ẹrù láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹnì kan wá bá mi sọ̀ ọ́.

Alfa ní ọmọ ò kọsẹ̀, kí wọ́n lọ tún un kà. Bàbá yín padà wá láti ìdí ògiri, ó ní bó bá fẹ́ wálẹ̀ kó wálẹ̀, ó ní kí wọ́n tún un kà. Ó yẹ kí ọkàn mi wá balẹ̀, àbí? Kò balẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù í-éètì ló ń bà mí. Nísinsìnyí, ẹ̀rù tó ń bà mí ju ìyẹn lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ máàkì pépà yẹn, ó kúkú ti ka ọ̀rọ̀ Naeem, ó kà á tán, ó fún un ní í-éètì. Ṣé ibẹ̀ ló ní kò rí bẹ́ẹ̀ ni? Tíṣà ní òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Tíṣà fẹ́ràn ọmọ náà, ó sì rí mi tí mò ń sunkún, kí ló tún fẹ́ sọ? Bí ẹnì kejì tí kò mọ̀ wá rí bá wá kà á, tó tún fi bírò pupa fa ìlà sí i ńkọ́? Ṣé odò yẹn náà ni nígbà náà? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n lè máa gba ti Hidayat gbọ́ jẹ́jẹ́ mi.

Mo sọ ọ́ fún un láàárọ̀ yìí. Mo sọ ti odò náà fún un, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa sọ ọ́ jáde. Ó wo ojú mi, ọjọ́ mélòó kan ti wà tí kò ti wò mí lójú. Ó ní Ìyá, bóyá ibòmíràn lòun ti kùnà, bóyá wọ́n ka ìwé òun mọ́ ti ẹlòmíràn, òun ò mọ̀, ṣùgbọ́n ibi yẹn, bírò kankan ò lè yí i padà. Ó ní òun kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ nítorí kí òun lè mọ ibi yẹn. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé ṣé wàrà ṣì kù.

Nítorí náà, a ti pinnu, kí wọ́n tún un máàkì. Tíṣà ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ lọ́la, kí ẹ jọ lọ sílé kọ̀ǹpútà kí Jímọ́ọ̀ tó dé, ẹ lọ ní kùtùkùtù, mi ò fọkàn tán ilẹ̀kùn yẹn. Owó tó yẹ, Tíṣà ló mọ iye ẹ̀. Bàbá yín ti ta nínú àgbàdo, kò tó, jọ̀ọ́ bá wa fi kún un, kí o sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún òróró tí Alfa ń fi pa orúnkún. Fún Tíṣà lọ́wọ́ o, má gba báǹkì. Èyí tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, ọmọ tó ń ṣe POS yọ níbẹ̀, ó ní owó ọ̀nà ni, bẹ́ẹ̀ mi ò rí mọ́tò tó gbé e wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun gan-an ni mi ò lè jẹ́ kí obìnrin inú fóònù gbọ́. Àwọn ẹbí Hàrúnà àfẹ́sọ́nà rẹ ti ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ wá mọ̀ wá lẹ́yìn ìkórè. Mo fẹ́ràn Hàrúnà, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí ni dáadáa, kì í ṣe bí àwọn ọmọ ìlú tó ń tẹ orí ba lásán. Ṣùgbọ́n Hidayat ní hóró tó wà lára èmi àti bàbá yín lè wà lára ìwọ náà, ó sì lè wà lára Hàrúnà. Bóyá ẹ ti mọ̀ nípa ẹ̀ nílùú níbẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, fi èsì ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Bí ẹ ò bá tíì ṣe é, mo fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́, ẹ̀yin méjèèjì ẹ lọ sí ọsibítù kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ yín kí ẹnikẹ́ni tó kó ẹbí wá. Ẹ má dúró de rímáàkì. Ìyẹn, èmi ti máàkì ẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ fún mi. Yóò fi ọ́ ṣe ìyá ọmọ tó ń sáré kiri àgbàlá, tí ẹnu á máa ro ọ́ nítorí pé ò ń pè wọ́n pé kí wọ́n wá jẹun. Oríkèé kan ò ní ro wọ́n. Àmín, àmín.

Bí o bá sì rí ọ̀nà dé yàrá tí wọ́n kó àwọn pépà náà sí, bá mi kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Sọ fún un pé bí wọ́n bá kà á tán, kí wọ́n má fọ̀ ọ́. Mo mọ ohun tí Tíṣà sọ, Tíṣà ò tíì débẹ̀ rí. Bí wọn ò bá fẹ́ ẹ mọ́, kí wọ́n fún wa. Bó bá wá jẹ́ dandan pé kí wọ́n fọ̀ ọ́, mo mọ̀ pé kì í ṣe Kùránì, kí Ọlọ́run má bínú sí mi, bá mi gba omi ẹ̀ sínú ike tó mọ́, kí o dé e dáadáa, kí o fún Tíṣà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ ọ wò lọ́nà. Èmi ni mo fẹ́ mu ún.

Èmi ìyá yín ni,
Ìyá Kàdíját, Ìyá Hidayat, Ìyá Naeem.